Òkúta Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Lójú Fèrèsé

Òkúta ni Mètírì Eustache, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, fi ń mọ ọmọ tó wá sílé-ìwé àti ọmọ tí kò wá. Lọ́dún 1946 tó kọ́kọ́ dé Àràbà-Òkè, abúlé kékeré kan lẹ́yìn àwọn òkè Soclogbo, àwọn àlùfáà ìjọ fún un ní pátákó kan, àpótí ẹfun kan, Ìwé Mímọ́ kan, àti ègé irin kan tí wọ́n gé lára ojú-irin tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ní Ìdáàṣà, kí ó máa lù ú bí agogo. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé náà kò dé. Eustache dúró oṣù kan, ó dúró méjì, ó wá ní kí oníkálukú ọmọ gun òkè lọ, kí ó ṣa òkúta kan tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu wá. Òkúta kì í wọ́n nílẹ̀ Ìdáàṣà. Bí èèyàn bá kọsẹ̀ níbẹ̀, àpáta ló kọlù.

Láàárọ̀, ọmọ yóò mú òkúta rẹ̀ nínú agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé e sójú fèrèsé, yóò ní, "Mo wà." Bí ilé-ìwé bá jáde, òkúta á padà sínú agbọ̀n. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti jókòó, Mètírì yóò wo inú agbọ̀n. Òkúta tó bá kù níbẹ̀ ni ti ọmọ tí kò wá, kò sì sí èyí tí kò dá mọ̀: èyí tó ní ìlà funfun láàárín, ti Valentine ni, èyí tó rí ṣóńṣó bí ẹnu adìyẹ, ti Odile ni. Nígbà tí ìwé orúkọ wá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ń kọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá rántí, títí ikán fi jẹ ẹ́. Òkúta ló gbà gbọ́. Ikán kì í jẹ òkúta.

Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ mètírì kò ní ààlà. Òun ló ń ka lẹ́tà tó bá ti Àbíjàn dé, òun náà ló ń kọ èsì. Òun ló ń kán oògùn sójú ọmọ tí ojú ń dùn, òun ló ń ka àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi tí àlùfáà kò bá lè gun òkè wá, òun ló sì ń ṣáájú òkú lọ sí ibojì. Lọ́jọ́bọ̀ tí ilé-ìwé kì í sí, àwọn òbí á wá kọ ebè iṣu fún un, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọwọ́ tó bá ti mọ ẹfun í dì mú, kò lè mọ ọkọ́ í dì mú mọ́. Owó tí ìjọ ń fún un kò tó nǹkan, kò sì torí rẹ̀ bínú. Ó gbà pé Ọlọ́run ló pe òun, òun sì jẹ́ ipè. Ẹni tó bá jẹ́ irú ipè bẹ́ẹ̀ kì í tún máa wo ẹ̀yìn.

Perpétue, aya rẹ̀, kú lọ́dún tí ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira. Ọmọ méjì tí wọ́n bí kò kúrò ní ìkókó tí wọ́n fi padà. Láti ìgbà náà ló ti ń dá gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ohùn àkọ́kọ́ tó ń gbọ́ láàárọ̀ ni ti irin tí òun fúnra rẹ̀ lù, ohùn èèyàn àkọ́kọ́ ni ti ọmọ tó bá kọ́kọ́ wọlé tó ní, "Mo wà." Láti ọ̀sán Sátidé tí àwọn ọmọ bá ti lọ, títí di àárọ̀ Ajé, bí a bá yọ ti àdúrà kúrò, ó lè má bá ẹ̀dá kan sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni kò ṣe fẹ́ràn ìsinmi gígùn. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì fèsì, gẹ́gẹ́ bí Ó ti ń ṣe sí i láti bí ọdún mélòó kan.

Iṣẹ́ náà sì ti ń yí padà. Àwọn mètírì tuntun ń jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ti àwọn ti sẹ́tífíkà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Mathieu, ọmọ Àràbà-Òkè gan-an, tí Eustache di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Soclogbo ló ti ń kọ́ni. Ìjọba ló ń sanwó fún un. Ó ní alùpùpù, ó ń wọ bàtà wọ kíláàsì, bí aago márùn-ún bá sì ti lù, iṣẹ́ tán nìyẹn; kì í ka lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni, kì í sin òkú. Eustache ti fẹ́ máa fi èyí ṣe ẹ̀gàn lọ́kàn ara rẹ̀. Àmọ́ ó lọ wò ó lọ́jọ́ kan, ó sì rí i tí àwọn ọmọ tí kò tíì lò ju ọdún kan lọ ń ka ohun tí àwọn tirẹ̀ kì í lè kà títí di ọdún kẹta. Nígbà tó ń gun òkè padà sílé lọ́jọ́ náà, kò kọrin bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìwé ni òun ń kọ́ wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, tàbí òun kàn ń bá wọn jókòó.

Àsìkò Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún 1965 ni lẹ́tà àlùfáà dé. Ó ní ilé-ìwé ìjọ tí ọmọ inú rẹ̀ kò bá pé ogójì yóò kógbá sílé, wọn yóò sì kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí èyí tó sún mọ́ wọn. Èyí tó bá pé ogójì, ìjọba yóò gbà á mọ́ra, mètírì tó wà níbẹ̀ yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Alábẹ̀wò ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún láti wá kà wọ́n.

Eustache kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wo ojú fèrèsé. Nígbà kan, òkúta ibẹ̀ ju ọgọ́ta lọ. Ní báyìí, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Àwọn ìdílé ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Paouignan, lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá ti ń dúró ra gàrí. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ ṣe iṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Ó ka lẹ́tà náà sétí abúlé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá Isidore, àgbà tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ jù níbẹ̀, fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Ogójì ni wọ́n wí?"

"Ogójì ni, Bàbá."

"Mélòó la ní?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ó ku mélòó?"

"Mẹ́tàlá, Bàbá!" Odile ló dáhùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, láti ẹ̀yìn Euphrasie ìyá rẹ̀.

"Ẹ ò rí i pé ìwé náà ń wọlé," ni Bàbá Isidore wí. "Mẹ́tàlá péré! Ṣé torí mẹ́tàlá ni Mètírì ṣe fajú ro bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́ rẹ̀? Ìyàwó Grégoire nìkan bí méje."

"Èwo ló máa yọ̀ǹda nínú méje ọ̀hún?" ni Euphrasie dá a lóhùn, obìnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. "Èyí tó ń lé ẹyẹ lóko ọkà ni, àbí èyí tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eustache ò lè bá wọn rín in. "Mo bẹ̀ yín," ló wí, "ẹ fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi. Kí wọ́n wá kàwé ni, kì í ṣe kí wọ́n wá kún ilé."

"A ti gbọ́, Mètírì. Fi ọkàn balẹ̀," ni Bàbá Isidore wí.

Oṣù méjì kọjá. Kò sí ọmọ tuntun kan tó wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, Eustache ṣẹ̀ṣẹ̀ lu irin tán ló gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bí ti ẹran tí wọ́n ń dà bọ̀ láti odò. Ó yọjú. Ọmọ ló ń gun òkè bọ̀, láti ọ̀nà méjèèjì. Òmíràn gbé àbúrò pọ̀n, òmíràn di ọkọ́ mú nítorí pé ojú oko ni wọ́n ti mú un. Bàbá Isidore ló ṣíwájú wọn, ó wọ aṣọ tó fi ń gba ara Olúwa lọ́jọ́ Àjíǹde.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ọmọ ni. O ò mọ ọmọ mọ́?"

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ èèyàn. Àáró ni, Mètírì. Bí oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ṣebí ará ló ń bá a ro ó, kí òun náà lè ro tiwọn lọ́la? Àwọn ará Kpingni yá wa ní mẹ́rìnlá, a rí méje nínú oko wa. Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá lọ kà wọ́n lọ́hùn-ún, àwa náà á kó tiwa lọ bá wọn."

"Bàbá, irùngbọ̀n wà lágbọ̀n èyí."

"Yóò jókòó sẹ́yìn."

Wọ́n wọlé. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbé òkúta wọn sójú fèrèsé bí ìṣe wọn, oníkálukú ní "Mo wà." Àwọn tí wọ́n yá dúró, wọ́n ń wo ẹnu ara wọn.

"Mètírì," ni Odile wí, "àwọn wọ̀nyí ò ní òkúta."

"Òkúta?" Bàbá Isidore fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọ̀pá nù. "Lórí òkè yìí? Ẹ sáré, ẹ lọ ṣà á!"

Wọ́n tú jáde pẹ̀lú ariwo. Ẹfun wà lọ́wọ́ Eustache. Ó lè dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ló gbà. Kò sọ ọ́. Ó yí ojú sí pátákó, ó ń kọ déètì ọjọ́ náà, ó sì gbọ́ tí òkúta ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró mọ́tò nísàlẹ̀ òkè.

Ọkùnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò ojú ni alábẹ̀wò náà, ará etíkun, kò gbọ́ èdè òkè. Mathieu ló mọ̀nà fún un wá. Ó kí Eustache dáadáa, ó ní kí ọmọ kan kàwé. Odile dìde, ó ka ojú ìwé kan láìdúró. Alábẹ̀wò mi orí, ó ní kí ó ka èkejì, ó tún mi orí. Lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo abúlé kún sí, Euphrasie ń na ọrùn bí ẹni tí wọ́n ń gbé adé bọ̀ wá fún.

Nígbà náà ni alábẹ̀wò rí ojú fèrèsé. Ó bèèrè, Eustache sì ṣàlàyé. Ọkùnrin náà mú òkúta kan. Ó dúdú, ó ń dán, ọwọ́ ọmọ ti fọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Erùpẹ̀ tútù wà nídìí èyí. Èèrà kan sáré gun ìka rẹ̀. Ó fẹ́ èèrà náà nù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dá òkúta padà síbi tó ti mú un. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó jókòó nídìí tábìlì Eustache, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ṣí ìdérí bírò.

"Mùsíọ̀ Eustache," ló wí ní Faransé, "ọmọ mélòó lẹ ní? Iye tí ẹ bá sọ ni màá kọ."

Àánú ni. Eustache mọ̀ pé àánú ni. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè kọjá. Méjìdínláàádọ́ta: ọ̀rọ̀ kan ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Abúlé yóò ní ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ ò ní í máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Soclogbo nínú òjò. Òun náà yóò máa gbọ́ "Mo wà" láràárọ̀. Ó gbàdúrà, àdúrà kúkúrú bí ẹni tó ń rì sínú omi: Olúwa, sọ nǹkan. Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi ìkókó kan tó ń sín lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni àga àwọn ọmọ, níbi tí òun ti ń kọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké.

Ó sọ ọ́ ní Faransé: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Alábẹ̀wò wò ó díẹ̀. Ó kọ ọ́.

Bàbá Isidore kò gbọ́ Faransé, ohùn tó já geere ló gbọ́. Ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ẹnu ọ̀nà gbà á.

"Ẹ gbọ́ Faransé lẹ́nu Mètírì wa!" ni Euphrasie ké. "Ó jáde bí omi!"

Mathieu sún mọ́ Eustache, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mètírì mi, ẹ dákun, ẹ má sọ fún wọn. Èmi á ní ìjọba ti pinnu ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Wọn ò ní í mọ̀ láéláé."

Eustache mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Wọn ò ní í mọ̀. Ó ti san tirẹ̀ fún Ọlọ́run ní èdè tí Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀ pípàtẹ́wọ́ náà ń dùn ún bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ó yípadà sí ẹnu ọ̀nà.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo sọ."

Ọwọ́ Bàbá Isidore dúró lófuurufú. "Kí lo wí?"

"Mo sọ fún un pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, Bàbá. Nítorí iye tí wọ́n jẹ́ nìyẹn."

Ọmọ onírùngbọ̀n tó jókòó sẹ́yìn dìde, ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"A yá ọmọ ọlọ́mọ nítorí yín," ni Euphrasie wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "Ẹ sọ wá di olè lójú àwọn ará Kpingni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ gbé e padà sílé, kí ẹ máa jẹ ẹ́."

Bàbá Isidore sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Ilé-ìwé yìí kì í ṣe tìẹ nìkan, Mètírì," ló wí. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n yá mú òkúta wọn, wọ́n tẹ̀lé e.

Kí alábẹ̀wò tó wọ mọ́tò, ó bọ Eustache lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú pẹ́ díẹ̀. Àmọ́ iye tó kọ ni iye tó kọ. Bí àwọn kan bá ń retí pé Ọlọ́run yóò yí ọkàn ìjọba padà nítorí olóòótọ́ kan lórí òkè, kí wọ́n má retí mọ́. Ní oṣù keje, lẹ́tà dé pé ilé-ìwé Àràbà-Òkè ti parí. Ìjọ ní kí Eustache máa gbé yàrá rẹ̀, kí ó máa lu irin, kí ó máa ka àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọn ò ní kí ó kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀ dé, kò sẹ́ni tó wá kọ ebè. Ọjọ́bọ̀ kejì dé. Koríko bo iṣu rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fà á tu fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bó. Wọ́n ṣì ń wá síbi àdúrà, nítorí pé wọn ò bá Ọlọ́run jà. Wọ́n á ṣe "Àmín" tán, wọ́n á kí i bí ẹni tó ń kí àlejò, wọ́n á lọ. Lẹ́tà tó bá ti Àbíjàn dé, Soclogbo ni wọ́n ń gbé e lọ, Mathieu tí kì í ka lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni sì wá di ẹni tó ń ka tiwọn. Nígbà tí Eustache gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì dùn ún púpọ̀.

Ohun tó ń jà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́. Ti Faransé yẹn, ó dá a lójú. Ìgbà kejì ni. Ta ló ní kí ó yípadà sí ẹnu ọ̀nà? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí ìgbéraga ọkùnrin kan tí kò fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò ṣe? Bí ó bá dákẹ́, ì bá ní òtítọ́, ì bá tún ní èèyàn. Ó béèrè lórí eékún, ó béèrè láàárín ebè. Nígbà mìíràn ó máa ń rò ó pé Ọlọ́run ń gbọ́ òun ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé lẹ́tà òun fún ẹlòmíràn kà. Ó bẹ̀rù èrò yìí, ó ṣe àmì àgbélébùú, èrò náà sì tún padà wá.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù kẹwàá, ó lu irin ní àsìkò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun mìíràn í ṣe. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń lọ sí Soclogbo lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan yà. Odile ni, aṣọ tuntun lọ́rùn, pátákó kékeré rẹ̀ lábíyá.

"Ẹ káàárọ̀, Mètírì. Ṣé kí n gbé òkúta mi dání?"

"Soclogbo ní ìwé orúkọ, ọmọ mi. Wọn ò lo òkúta níbẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

"Bí o bá fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Òkúta ṣóńṣó náà ṣì wà lójú fèrèsé láti oṣù keje, nítorí pé lọ́jọ́ ìkẹyìn kò sẹ́ni tó kó wọn padà sínú agbọ̀n. Odile mú un, ó rò ó díẹ̀, ó wá gbé e sínú agbọ̀n, níbi tí ti àwọn tí kò wá máa ń wà.

"Nítorí mi ò ní í sí níbí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Eustache wí. "O ṣe é dáadáa."

"Odile!" Euphrasie ló ń ké láti ojú ọ̀nà. "Ọ̀nà jìn o!" Ó ti dúró de ọmọ rẹ̀, kò sì wọlé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí Mètírì pé ó dìgbà, ó sáré jáde.

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ tán, Eustache dìde, ó kó àwọn òkúta tó kù lójú fèrèsé sínú agbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá orúkọ wọn. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ojú fèrèsé wá ṣófo, ó sì rí àmì dúdú tí ọwọ́ ọmọ àti òkúta fi síbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó jáde. Kò rìn jìnnà. Lórí òkè yẹn, ta ló ń rìn jìnnà kí ó tó rí òkúta? Ó ṣa ọ̀kan tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, ó wọlé, ó gbé e sójú fèrèsé. Kò tíì ní òkúta tirẹ̀ rí.

"Mo wà," ló wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó padà sídìí tábìlì, ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, nítorí pé ẹni tó bá ti sọ pé òun wà, ó yẹ kí ó wà.